Ǹjẹ́ Ó Yẹ kí Ẹni tí Ó Ṣe Nǹkan Mọ Inú Rẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà ó ju eéje lọ. Ọ̀rọ̀ náà bá ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi mu púpọ̀. Bí ènìyàn bá ṣe ohun kan, tí ohun náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí ó sì ń wu gbogbo ẹni tí ó rí i, ǹjẹ́ ó ku ohun kan tí a tún lè bi í? Ǹjẹ́ a lè wí fún un pé, "Òótọ́ ni pé o ṣe é, ṣùgbọ́n ṣé o mọ̀ ọ́n?" Àwọn kan yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé ìbéèrè asán ni èyí, pé iṣẹ́ tí ó bá ti yọrí ti yọrí ná. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi ẹnu lásán jà. Ohun kékeré kan tí a lè fi ọwọ́ kàn ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, kí ọ̀rọ̀ wa má baà fò lọ sínú afẹ́fẹ́.

Ohun náà ni àpótí iná. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa iná mànàmáná a máa ṣe é, yálà fún iṣẹ́ àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ tàbí fún ìgbádùn ara wọn. A ó mú àwọn gílóòbù LED wẹ́wẹ́, irú pupa tí Nick Holonyak kọ́kọ́ ṣe ní 1962 nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní General Electric ní Amẹ́ríkà. A ó fi lẹ́ẹ̀dì jó ẹsẹ̀ wọn pọ̀, mẹ́rin ní gígùn, mẹ́rin ní ìbú, mẹ́rin ní gíga, tí gbogbo rẹ̀ yóò fi jẹ́ 64. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí a sì tan án, àwọn iná náà a máa ṣeré: wọn a gun òkè, wọn a rọ̀ sílẹ̀ bí òjò, wọn a yí po bí ẹni tí ń jó. Kò wúlò fún ohunkóhun ju kí ó dùn ún wò lọ. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ tà á.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ méjì gbé àpótí méjì wá. Ẹni èkínní lo IC kan ṣoṣo, irú èyí tí a ń pè ní microcontroller, tí ó jẹ́ odidi kọ̀ǹpútà kékeré tí ń ṣe ohunkóhun tí a bá kọ fún un pé kí ó ṣe. Kò tilẹ̀ kọ àṣẹ náà fúnra rẹ̀. Ó rí i lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, tàbí kí ó ti bẹ kọ̀ǹpútà kan pé kí ó bá òun kọ ọ́, bí ó ti wọ́pọ̀ nísinsìnyí. Ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ni ó fi parí rẹ̀. Ẹni èkejì kò lo microcontroller rárá. Àwọn IC wẹ́wẹ́ ni ó kó jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò mọ̀ ju iṣẹ́ kan lọ, ó sì fi wáyà so wọ́n pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n gbé àpótí méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n tan iná sí wọn, ijó kan náà ni wọ́n ń jó. Kò sí ẹni tí ó lè fi ojú mọ ìyàtọ̀. Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yóò wí: wọn yóò ní ọgbọ́n ń bẹ lórí ẹni èkínní, pé ẹni èkejì kàn ń da ara rẹ̀ láàmú ni. Kí a tó dá ẹjọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo inú àpótí ẹni èkejì.

Ẹ fi ojú inú wo ilé alájà mẹ́rin. Gílóòbù 16 ni ó wà lórí àjà kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ kan lára àwọn 16 wọ̀nyí ni a sì so pọ̀ mọ́ wáyà kan tí ó jẹ́ ti àjà náà. Ẹsẹ̀ kejì gílóòbù kọ̀ọ̀kan ni a jó mọ́ òpó tí ó ti ìsàlẹ̀ ilé dé òkè, tí ó fi jẹ́ pé òpó kan so gílóòbù mẹ́rin tí ó wà lórí ara wọn. Òpó 16, àjà 4: wáyà 20 péré ni ó jáde láti inú ilé tí ó ní gílóòbù 64. Bí a bá fẹ́ tan ọ̀kan, a ó fi iná sí òpó rẹ̀, a ó sì ṣí ọ̀nà fún àjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí àjà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, àṣẹ tí a pa fún ọ̀kan yóò kan èkejì pẹ̀lú, ijó yóò sì dàrú. Nítorí náà a kì í ṣí ju ẹyọ kan lọ. A ó ṣí ti ìsàlẹ̀, a ó tan èyí tí a fẹ́ nínú 16 rẹ̀, a ó tì í. A ó ṣí èyí tí ó tẹ̀ lé e, a ó tan tirẹ̀, a ó tì í. Bẹ́ẹ̀ ni a ó máa lọ dé òkè, tí a ó sì tún padà sí ìsàlẹ̀.

Ta ni ó ń ṣí, ta ni ó sì ń tì? IC kan tí ń jẹ́ 555 ni ó ń lu agogo fún gbogbo wọn. Hans Camenzind ni ó ya ìlànà rẹ̀ ní 1971, ilé iṣẹ́ Signetics gbé e wá sọ́jà ní 1972, wọ́n sì ń tà á títí di òní. Ẹ jẹ́ kí a ní ó ń lù ní ìgbà 400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni IC méjì tí ń jẹ́ 74HC163 wà, tí wọn kò mọ̀ ju kí wọ́n ka iye ìgbà tí agogo lù lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tí ó fi ń sọ iye tí ó kà, àpapọ̀ ẹsẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò sì lè sọ ju "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" lọ. Méjì àkọ́kọ́, tí ó ń yára yí padà jù lọ, ni a fà lọ sọ́dọ̀ IC 74HC139. Òun ni ó ń yan àjà tí ó kàn, nípasẹ̀ transistor tí ó lágbára tó láti gba iná gílóòbù 16 lẹ́ẹ̀kan náà. Báyìí ni àjà kọ̀ọ̀kan ṣe ń rí àyè tirẹ̀ ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ó wá ku ijó fúnra rẹ̀. Ká ní a fẹ́ kí pẹpẹ iná kan máa gun òkè láti àjà ìsàlẹ̀ dé àjà tí ó ga jù. Ẹni tí ń lo IC wẹ́wẹ́ yóò jókòó, yóò ronú. Yóò ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ méjì tí ó gbẹ̀yìn nínú mẹ́jọ ń kà gẹ́gẹ́ bí méjì àkọ́kọ́ ti ń kà, àfi pé wọ́n ń lọ́ra púpọ̀. Àwọn àkọ́kọ́ ń ka àjà. A lè jẹ́ kí àwọn ìkẹyìn máa ka ìgbésẹ̀ ijó. Bí iye tí ó wà lẹ́nu àwọn méjì yìí bá bá ti àwọn méjì yẹn mu, kí gbogbo òpó tàn. Bí kò bá bá a mu, kí gbogbo wọn kú. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ohun tí ó lè ṣe irú ìdájọ́ yìí nínú IC ni àwọn Òyìnbó ń pè ní ẹnu-ọ̀nà. A ó lo ẹnu-ọ̀nà méjì nínú 74HC86, tí iṣẹ́ wọn ni láti ké bí nǹkan méjì bá yàtọ̀ sí ara wọn, àti ẹnu-ọ̀nà kan nínú 74HC02, tí kì í sọ "bẹ́ẹ̀ ni" àfi bí àwọn méjèèjì tí ó ń gbọ́ bá sọ "bẹ́ẹ̀ kọ́". Pẹpẹ iná yóò dúró lórí àjà kọ̀ọ̀kan títí agogo yóò fi lù ní ìgbà 64, èyí tí í ṣe ìṣẹ́jú àáyá 0.16, yóò gun òkè tán ní ìṣẹ́jú àáyá 0.64, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ níbí. Kò sí ibì kankan nínú àpótí náà tí a kọ "gun òkè" sí. Kò sí IC kan nínú wọn tí ó mọ̀ pé ijó ń lọ. Aka-agogo ń kà, ayan-àjà ń yàn, ẹnu-ọ̀nà mẹ́ta ń ṣe ìfiwéra, ìyẹn náà ni. Síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá bi ẹni tí ó ṣe é pé, "Kí ló dé tí iná yìí fi ń gùn, tí kì í sọ̀kalẹ̀?" yóò na ìka sí wáyà méjì, yóò sì wí pé bí òun bá yí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn méjì wọ̀nyí padà, kí "bẹ́ẹ̀ ni" di "bẹ́ẹ̀ kọ́", kí "bẹ́ẹ̀ kọ́" sì di "bẹ́ẹ̀ ni", pẹpẹ náà yóò máa sọ̀kalẹ̀. Ní 1854 ni George Boole kọ ọ́ sínú ìwé pé a lè ṣe ìṣirò ìrònú bí a ti ń ṣe ti owó. Claude Shannon sì fi hàn ní 1938 pé ìṣirò Boole yìí kan náà ni àwọn wáyà tí ń ṣí tí ó sì ń tì ń ṣe. Ohun tí wọ́n fi ìwé ṣàlàyé ni ọmọ yìí fi ìka tọ́ka sí.

Àwọn tí ó mọ Ifá láàárín wa yóò ti rí i pé ẹsẹ̀ mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ipò méjì ń fún wa ní 256, iye Odù gan-an, nítorí pé ọ̀pẹ̀lẹ̀ náà ní ojú mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dojú dé. Èmi kò sí lára àwọn tí ń pariwo pé babaláwo ni ó kọ́kọ́ ṣe kọ̀ǹpútà. Iye kan náà kò túmọ̀ sí iṣẹ́ kan náà. Ohun kan ni mo kàn fẹ́ yá lọ́wọ́ àwọn babaláwo: kò sí èyí tí ó lè da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ kí ó sì dìde lọ pé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Òun ni a ń retí àlàyé lẹ́nu rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀tàn ni àpótí yìí, nítorí pé nígbà tí ojú wa bá rò pé gbogbo gílóòbù 64 ni ó tàn, 48 nínú wọn ṣókùnkùn ní tòótọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ojú kò yára tó iná. Ṣùgbọ́n sinimá náà kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tí ó pe onísinimá lẹ́jọ́ rí lórí rẹ̀. N kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a máa lọ.

Àtakò tí ó le ni èyí. Alátakò mi yóò wí pé, "O ń yin ẹni èkejì nítorí pé ó mọ inú ohun tí ó ṣe. Ṣé ó mọ inú 74HC86? Ṣé ó ti rí àwọn transistor tí ó wà nínú rẹ̀ rí? Láti ìgbà tí Jack Kilby ti ṣe IC àkọ́kọ́ ní Texas Instruments ní 1958 ni àwọn ènìyàn ti ń ra ohun tí wọn kò lè tú wò. Ẹni tí ń hun aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn, ṣé òun ni ó gbin òwú? Bí o bá ní dandan ni kí ènìyàn mọ inú iṣẹ́ rẹ̀ dé ìdí, kò sí ẹni tí yóò ṣe ohunkóhun mọ́ láyé. Ẹni èkínní dúró ní òkè, ẹni èkejì sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, àwọn méjèèjì kò dé ìsàlẹ̀. Kí wá ni ìyàtọ̀?"

N kò lè fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn, nítorí òótọ́ ni. Ìmọ̀ kò ní ìsàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé jíjìn tí ènìyàn sọ̀kalẹ̀ ni a fi ń dá ẹjọ́, ẹni tí ó ń wa yanrìn tí a fi ń ṣe IC yóò ṣe ju gbogbo wa lọ. Mo rò pé ìwọ̀n mìíràn ni a gbọ́dọ̀ fi wọ̀n ọ́n, òun ni ìlérí. IC kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é kọ nípa rẹ̀. Ìwé náà kò sọ gbogbo ohun tí ó wà nínú IC. Ohun tí ó wí ni pé bí ẹ bá fún un ní iye iná báyìí, tí ẹ kò sì jẹ́ kí ó kọjá ìwọ̀n báyìí, ohun báyìí ni yóò máa ṣe. Ìlérí ni, ẹni tí ó ṣe é sì fi orúkọ rẹ̀ sí i. Ẹni èkejì kò mọ inú 74HC86, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí a ṣèlérí fún un nípa rẹ̀, àti ibi tí ìlérí náà parí sí.

Ibi tí ìlérí parí sí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Láti fi iná sí òpó 16, yóò lo 74HC244 méjì, òpó mẹ́jọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gílóòbù pupa ń gba bíi fóòlùtì 2 nínú fóòlùtì 5, ó ku 3. Bí ó bá fi resistor 330 ohm sí òpó kọ̀ọ̀kan, ìṣirò orí ìwé yóò fún un ní bíi 9 mA. Yóò ṣí ìwé, yóò rí i pé ẹsẹ̀ kan kò gbọdọ̀ ju 35 mA lọ, inú rẹ̀ yóò sì dùn pé òun kò sún mọ́ ọn rárá. Ṣùgbọ́n lójú ewé kan náà ni a ti kọ ọ́ pé iná tí ń gba inú odidi IC náà kọjá kò gbọdọ̀ ju 70 mA lọ. Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́sàn-án, 72. Ìlérí tí a ṣe fún ẹsẹ̀ kan kì í ṣe ìlérí tí a ṣe fún gbogbo ẹsẹ̀ lápapọ̀! Ẹni tí ó bá ka ìlà àkọ́kọ́ tí kò ka èkejì ti kọjá ẹnu ààlà láìmọ̀. Ọmọ yìí pààrọ̀ resistor sí 470 ohm, iná òpó kọ̀ọ̀kan di bíi 6.4 mA, àpapọ̀ rẹ̀ di bíi 51, ó sì padà sí abẹ́ òjìji ìlérí.

Nítorí náà èsì mi fún alátakò nìyí. Kò di dandan kí ènìyàn mọ ohun tí ó wà lábẹ́ ìlérí tí a ṣe fún un. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ó wà láàárín ìlérí tí a ṣe fún mi àti ìlérí tí èmi ń ṣe fún ẹlòmíràn, èmi ni mo ni ín, èmi ni mo sì jẹ gbèsè láti mọ̀ ọ́n. Onílù lè má gbẹ́ igi ìlù rẹ̀, ó sì lè má fá awọ rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe é ti ṣèlérí fún un pé bí ó bá fún okùn rẹ̀ mọ́ra, ohùn yóò lọ sókè. Ṣùgbọ́n bí dùndún bá bú ọba láàfin, wọn kò ní mú agbẹ́gi, wọn kò sì ní mú ewúrẹ́ tí ó ni awọ. Ẹni tí ọ̀pá ìlù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọn yóò kọjú sí, kò sì lè wí pé òun kò mọ ohun tí ìlù òun ń sọ.

Láti mọ ohun tí ó wà láàárín kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ náà kò ní ní àléébù. Ní 1972, Allan Alcorn ṣe eré Pong fún ilé iṣẹ́ Atari ní Amẹ́ríkà. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀; bọ́ọ̀lù, ọ̀pá tí a fi ń gbá a, àti iye góòlù, IC wẹ́wẹ́ ni ó ń ṣe gbogbo wọn. Ọ̀pá náà kò lè dé òkè téńté ojú tẹlifíṣọ̀n, nítorí bí a ṣe so IC tí ń darí rẹ̀. Alcorn mọ ìdí rẹ̀. Ó wò ó, ó rí i pé bí àlàfo yẹn kò bá sí, ẹni tí ó bá mọ eré náà dáadáa yóò máa gbá a lọ láìdúró, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àléébù tí a mọ̀, tí a sì yàn, yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí ó ń gbé inú ilé ẹni láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n kí àwọn tí ó fẹ́ràn ayé àtijọ́ má tíì pàtẹ́wọ́. Ilé iṣẹ́ kan náà ni Steve Wozniak bá ya ìlànà eré Breakout kí wọ́n tó gbé e jáde ní 1976. IC tí kò tó 50 ni ó lò, ó sì fún iṣẹ́ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹnjiníà Atari kò fi lè tọ ipa rẹ̀. Wọ́n ní láti tún ìlànà mìíràn yà kí wọ́n tó lè tà á. Wáyà pẹ̀lú lè fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó da àwòrán IC kọ láti inú ìwé, tí ó jó gbogbo rẹ̀ pọ̀ láìbi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan, ọmọ ìyá ẹni tí ó yá àṣẹ lò ni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó lo microcontroller, tí ó sì lè ṣàlàyé ìlà àṣẹ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, n ó ṣí fìlà fún un. Nípa bẹ́ẹ̀ a kò lè dá ẹjọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa méjì nípa wíwo àpótí wọn. A ní láti bi wọ́n pé kí ló dé tí iná fi ń gùn, kí a sì fetí sílẹ̀. Ohun tí mo lè sọ fún IC wẹ́wẹ́ ni pé ìbéèrè náà ń bá ọ lálejò níbẹ̀ lójoojúmọ́, o fẹ́ o kọ̀, nítorí pé kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nínú àpótí náà bí o kò bá fa wáyà rẹ̀. Microcontroller a máa jẹ́ kí ènìyàn sùn.

Wọn yóò ní eré ọmọdé ni, pé bí àpótí iná bá bàjẹ́, ta ni ó kú? Kò sí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ti dé ibi tí ènìyàn ti kú. Ilé iṣẹ́ ìjọba Canada kan ṣe ẹ̀rọ Therac-25, tí a fi ń ta ìtànṣán sí ara àwọn tí ó ní àrùn jẹjẹrẹ. Láti oṣù kẹfà 1985 sí oṣù kìíní 1987, ènìyàn mẹ́fà ní Amẹ́ríkà àti Canada gba ìtànṣán tí ó ju èyí tí dókítà pa láṣẹ lọ fíìfíì, ó kéré tán mẹ́ta nínú wọn sì kú nítorí rẹ̀. Apá kan nínú àṣẹ tí ń darí ẹ̀rọ náà ni a gbé wá láti inú àwọn ẹ̀rọ tí ó ṣáájú rẹ̀. Lára Therac-20, tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwọn wáyà àti ìdènà wà tí kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu kọ̀ǹpútà, tí wọn yóò pa iná bí nǹkan kò bá sí ní ipò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe Therac-25, wọ́n yọ àwọn ìdènà náà kúrò, wọ́n ní àṣẹ inú kọ̀ǹpútà ti tó.

Nígbà tí àwọn ilé ìwòsàn kígbe, àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà dáhùn pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀. Wọn kò purọ́. Ohun tí wọ́n gbàgbọ́ ni wọ́n sọ. Ní ìlú Tyler ní Texas, ní 1986, ohun tí ẹ̀rọ náà kọ sójú rẹ̀ nígbà tí ó ṣe aláìsàn léṣe kò ju "Malfunction 54" lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀nà tí ó wúlò. Onímọ̀ físíìsì ilé ìwòsàn náà àti ẹni tí ń tẹ ẹ̀rọ ni wọ́n jókòó tì í, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, títí wọ́n fi rí i pé bí ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ bá yára tún ohun tí ó ti kọ ṣe, àṣìṣe náà a máa wáyé. Àwọn tí ó rà á ni ó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tí ó tà á.

Therac-20 kan wà ní University of Chicago tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò. Onímọ̀ físíìsì kan níbẹ̀ ti ṣàkíyèsí pé nígbàkígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá dé, tí wọ́n ń tẹ ẹ̀rọ náà bí ó ti wù wọ́n, fíúsì rẹ̀ a máa jó, nígbà mìíràn ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan, ẹ̀rọ a sì dákẹ́. Bí àwọn ọmọ náà bá ti mọ̀ ọ́n lò, oṣù púpọ̀ a kọjá kí òmíràn tó jó. Lẹ́yìn tí ìròyìn Tyler jáde ni ó wá wádìí, ó sì rí i pé àṣìṣe tí ó wà nínú Therac-25 náà ni ó wà nínú Therac-20 yìí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Gbogbo ìgbà tí ó bá ti fẹ́ ṣọṣẹ́ ni wáyà tín-ín-rín tí ó wà nínú fíúsì ń jó dípò aláìsàn.